Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Orúkọ Ìyá Tó Wà Nínú Bíbélì

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin tèmi. Látìgbà tí mo ti jẹ́ kó bọ́ sí yín létí lóṣù tó kọjá pé mo máa ń bá àwọn èèyàn tú ìwé àtijọ́ àwọn ará Scotland láti fi wá bàbá ńlá wọn, lẹ́tà ò jẹ́ kí n rímú mí mọ́. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Scotland pọ̀ tó báyìí nílùú Abẹ́òkúta yìí. Mẹ́rin ni mo mú nínú ẹ̀, àkọ́kọ́ ló gùn jù torí òun ló wọ̀ mí lára jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkò ni wọ́n bí mi sí, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìyá tó bí ìyá mi pupa fòò, irun ẹ̀ ń wálẹ̀ dé èjìká, 'Òyìnbó' ni wọ́n ń pè é nídìí adìrẹ tó ń tà n'Ítòkú títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé òyìnbó Scotland kan tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá nígbà tí wọ́n ń fa ọ̀nà irin lọ Ìbàdàn ló bí i. Ó ní òun ń relé lọ sinmi, a ò rí i mọ́ dòní. James Smith lorúkọ ẹ̀, wọ́n ní á tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Nǹkan méjì ló fi sílẹ̀, fọ́tò kan tí kòkòrò ti jẹ etí ẹ̀, àti Bíbélì kékeré kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lójú ewé àkọ́kọ́ pé Elspet Cargill, ìyá ẹ̀, ló fún un, ní Arbroath, lọ́dún 1889. Bàbá wa àgbà máa ń sọ pé irọ́ ló wà níbẹ̀, pé báwo lọmọ ṣe máa jẹ́ Smith kí ìyá ẹ̀ máa jẹ́ Cargill, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìyá àgbàtọ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé ṣe ló ra Bíbélì yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ James Smith sórí Google, àwọn tó rí pọ̀ bí eṣú. Ó ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé e jù sílẹ̀. Ṣé ká gbé e jù sílẹ̀ lóòótọ́ ni?" — Ìyá Ìbejì, Ìtòkò

Ìyá wa, ẹ kú ìpamọ́ Bíbélì yẹn. Ẹ má gbé nǹkankan jù sílẹ̀ o. Mo ti pààrọ̀ orúkọ tó wà nínú lẹ́tà yín kó má baà di pé gbogbo ayé ló mọ ilé tọ́rọ̀ ti wá, ẹ̀yin náà á ti rí i, àmọ́ èyí tí mo fi rọ́pò ẹ̀ jọ tiyín dáadáa: orúkọ bàbá wọ́pọ̀, orúkọ ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Ibi tí Bàbá àgbà ti ní irọ́ wà yẹn, ibẹ̀ gan-an lòótọ́ wà.

Ní Scotland, obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ kì í sọ orúkọ bàbá ẹ̀ nù nínú ìwé. Àwọn aládùúgbò lè máa pè é ní Mísíìsì Smith o, àmọ́ tó bá bímọ, tó bá fẹ́ ẹlòmíì, tó bá kú, orúkọ tó gbé wọlé ọkọ ni wọ́n máa kọ, wọ́n á wá sọ pé ìyàwó ta ni. Lórí òkúta sàréè wọn náà, bẹ́ẹ̀ lẹ máa rí i. Àwọn ará England tí wọ́n jọ pààlà kì í ṣe é báyẹn, àwọn yẹn ló sì kó Mísíìsì wá bá wa, ìdí nìyẹn tó fi rú Bàbá àgbà lójú. Àwa náà ńkọ́, kí Mísíìsì tó dé, ṣebí oríkì ilé bàbá obìnrin ni wọ́n fi ń kì í nílé ọkọ, ọmọ ilé ibi báyìí ló ń jẹ́ títí táá fi dàgbà dogbó. Elspet tó kọ Cargill sínú Bíbélì ọmọ ẹ̀ ò ṣe nǹkan àrà kankan, orúkọ ẹ̀ ló kọ. Ìyá tó bí i lọ́mọ ni.

Torí náà, ẹ gbàgbé Smith ná. Smith ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo orúkọ ìdílé ní Scotland, James náà sì wà lára èyí tí wọ́n ń sọ ọmọ jù láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń wá James Smith níbẹ̀ ò yàtọ̀ sẹ́ni tó dúró ní Sápọ́n tó ń ké pe "Ìyá Bọ́lá", gbogbo ọjà ló máa yíjú. Cargill lẹ máa wá.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1855 ni òfin bẹ̀rẹ̀ ní Scotland pé gbogbo ìbí, gbogbo ìgbéyàwó àti gbogbo ikú gbọ́dọ̀ wọ ìwé ìjọba. Ohun tó bá ti ṣáájú ìyẹn, ìwé ìjọ lèèyàn máa tú, ìyẹn sì le díẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Tí bàbá yìí bá tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n ń fa irin lọ Ìbàdàn, ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní 1901, á jẹ́ pé nǹkan bíi 1870 ni wọ́n bí i, ẹ ti bọ́ síbi tó dáa nìyẹn.

Sáìtì méjì ni kí ọmọ yín ṣí. FamilySearch, ọ̀fẹ́ ni. Èkejì ni ScotlandsPeople, ti ìjọba Scotland fúnra wọn ni, National Records of Scotland tó wà ní Edinburgh ló ni ín, wíwá orúkọ ò gbówó níbẹ̀, àwòrán ìwé yẹn gan-an lẹ máa sanwó fún. Ibi tí ọgbọ́n wà rèé: àwọn FamilySearch ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìbí Scotland láti 1855 dé nǹkan bíi 1875 jáde pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ti ìyá, bẹ́ẹ̀ ScotlandsPeople ò jẹ́ kéèyàn fi orúkọ ìyá wá ìbí àwọn ọdún yẹn. Nítorí náà ibi ọ̀fẹ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó má kọ James síbi orúkọ ọmọ o! Kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo, kó kọ Smith síbi ti bàbá, kó kọ Cargill síbi ti ìyá, gbogbo ọmọ tí tọkọtaya yẹn bí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde bí ọmọ adìyẹ, James á wà láàárín wọn lágbára Ọlọ́run. Ìgbà yẹn ló tó máa lọ sanwó fún àwòrán.

Ìwé ìbí Scotland dùn ún kà jọ̀ọ́. Àkọ́kọ́ tí mo rí, láfún ni mò ń jẹ lọ́wọ́, ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ fóònù, bó ṣe ṣí báyìí, oúnjẹ tutù. Aago tí wọ́n bí ọmọ wà níbẹ̀, bóyá mẹ́ta òru ni o, wọ́n kọ ọ́. Ilé tí wọ́n bí i sí wà níbẹ̀, iṣẹ́ bàbá, orúkọ ìyá pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá ẹ̀, àti èyí tí mo fẹ́ràn jù, ọjọ́ àti ìlú tí bàbá àti ìyá ọmọ ti ṣègbéyàwó, láti 1861 ni wọ́n ti ń fi ìyẹn sí i láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó lọ fi ìbí náà tó wọn létí á wá fọwọ́ sí i. Tí kò bá mọ̀wé kọ, X lẹ máa rí, akọ̀wé á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé àmì tiẹ̀ nìyí. Bàbá ọmọ ló sábà máa ń lọ, àmọ́ tó bá lọ jẹ́ Elspet ló lọ fúnra ẹ̀, ẹ gbé Bíbélì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ẹ wo bó ṣe kọ E yẹn, ẹ wo bó ṣe fa ìrù g tó wà nínú Cargill. Tí wọ́n bá jọra, ẹ pè mí lóru ọjọ́ náà, mi ò ní bínú.

Láti ibẹ̀ lọ, ìwé kan ló ń fa èkejì. Ìwé ìgbéyàwó á sọ bàbá àti ìyá ọkọ fún yín, á sọ bàbá àti ìyá ìyàwó, àwọn ìyá náà pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá tiwọn. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti mọ àwọn mẹ́rin yẹn, ẹ wá ikú wọn, torí pé láti 1855, ẹni tó bá kú ní Scotland, àyè wà nínú ìwé ikú fún orúkọ bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹni tó kú ní 1858 lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ìyá tó bí i ti lè wà láyé láti nǹkan bíi 1750, orúkọ ìyá yẹn sì ń bẹ nínú ìwé ìjọba! Àmọ́ òkú kì í wá sọ tẹnu ẹ̀. Àna tàbí aládùúgbò tó lọ sọ ọ́ lè máà mọ ìyá olóògbé rárá, èyí tó bá sáà ti wá sí i lẹ́nu ló máa sọ, torí náà ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ti Elspet fúnra ẹ̀, ẹ wá ikú ẹ̀ lórí ScotlandsPeople pẹ̀lú Cargill, ẹ tún wá a pẹ̀lú Smith, orúkọ méjèèjì ni wọ́n ń fi obìnrin tó lọ́kọ sí, èyí tó bá wà lábẹ́ méjèèjì, tí ọjọ́ orí bá ara mu, òun nìyẹn.

Ìwé ìkànìyàn náà wà, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń kà wọ́n. Ẹ wo ti 1871 àti ti 1881, James á ti jẹ́ ọmọ nǹkan bíi mọ́kànlá lọ́dún 1881, wọ́n á kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, gbogbo ará ilé á wà lórí ewé kan náà, kódà ayálégbé. Láti 1851 ni ìkànìyàn ti ń sọ bí oníkálukú ṣe jẹ́ sí olórí ilé àti ìjọ tàbí ìlú tí wọ́n bí i sí. Ti 1841 ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí ẹni tó bá ti ju ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ṣe ni wọ́n ní kí wọ́n dín ọjọ́ orí ẹ̀ kù sí márùn-ún márùn-ún, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n á di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ó máa rò pé ẹlòmíì ni. Ẹ tún rántí pé Forfarshire ni wọ́n ń pe àgbègbè Arbroath nínú ìwé ayé ìgbà yẹn, Angus ló ń jẹ́ lóde òní, mo ti rẹ́ni tó wá Angus títí tó sú u.

Kí n sọ ti ara mi, kẹ́ ẹ lè fi kọ́gbọ́n. Mo wá James kan fún ìdílé kan nígbà kan, mo rí i, bàbá bá a mu, ìyá bá a mu, ìlú bá a mu. Oṣù méjì gbáko ni mo fi tẹ̀lé ọmọ yẹn, mo ti yà á sínú ìwé ìdílé àwọn ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n ti ṣe é ní férémù, kí n tó lọ rí ìwé ikú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan: ọmọ ọdún mẹ́ta ló kú. Ara mi bù màṣọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ará Scotland ìgbà yẹn, tí ọmọ bá kú, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n máa tún sọ èyí tí wọ́n bá bí tẹ̀lé e. Àwa Kòkúmọ́ àti Málọmọ́ là ń sọ tiwa, orúkọ la fi ń bẹ̀ ẹ́, àwọn ò bẹ̀ ẹ́ o, James kú, James dé. James kejì tó dàgbà yẹn ni mo ń wá, ọdún méjì ló fi kéré sí àkọ́kọ́. Nítorí náà, ọmọ tẹ́ ẹ bá rí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kò kú ní kékeré kẹ́ ẹ tó máa jó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ò tíì tán. Elspet lè jẹ́ Elspeth níbòmíì, ó lè jẹ́ Elizabeth, ó tún lè jẹ́ Eppie. Jessie tẹ́ ẹ rí nínú ìkànìyàn, Janet ló lè jẹ́ nínú ìwé ìbí, Donald àti Daniel a máa gba ipò ara wọn, Peter àti Patrick bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n tún ní àṣà kan tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an: ọmọkùnrin àkọ́kọ́ a máa jẹ́ orúkọ bàbá bàbá ẹ̀, ìkejì a jẹ́ ti bàbá ìyá, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ a jẹ́ ti ìyá ìyá, ìkejì a jẹ́ ti ìyá bàbá. Ó fẹ́ jọ Babátúndé àti Yétúndé wa, àwọn ò kàn dúró de kí àgbà kú. Kì í ṣòfin o, ọ̀pọ̀ ni kò tẹ̀ lé e, àmọ́ tẹ́ ẹ bá to àwọn ọmọ Elspet yẹn sílẹ̀ láti àgbà dé kékeré, orúkọ àwọn òbí ẹ̀ lè ti máa wo yín lójú kẹ́ ẹ tó rí ìwé kankan.

Tẹ́ ẹ bá ti kọjá 1855 sẹ́yìn, ìwé ìjọ nìkan ló kù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù. Ìrìbọmi ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ìbí, ìgbéyàwó sì wà tó jẹ́ pé ìkéde ẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ, ti ìsìnkú kò tó nǹkan. Àwọn kan ò kọ ọmọ sílẹ̀ torí owó tí wọ́n máa san. Lọ́dún 1843 ni ìjọ ńlá Scotland wá pín sí méjì, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àlùfáà kó jáde lọ dá Free Church sílẹ̀, ọmọ tí wọ́n bá sì rìbọmi fún lọ́hùn-ún, ẹ ò ní í rí i nínú ìwé ìjọ àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá tọkọtaya kan tọ́mọ wọn kàn dáwọ́ dúró ní 1843, wọn ò yàgàn, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n pààrọ̀.

Ìdí iṣẹ́ rélùwéè ló kù. Ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn, kó wọkọ̀ lọ Kew, ibẹ̀ ni The National Archives wà, kó béèrè fún àkójọ ìwé tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ CO 147, lẹ́tà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìjọba Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù títí dé 1906 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lè rán ẹnì kan lọ sí National Archives tiwa tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀ ṣáá. Mi ò ní í purọ́ fún yín, àwọn òyìnbó tó "lọ sinmi" yẹn, ìyàwó àti ọmọ ló ń dúró de òmíì nílé. Bẹ́ ẹ bá lọ rí i nínú ìkànìyàn lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìdílé míì, ẹ̀jẹ̀ yín náà làwọn ọmọ yẹn o.

"Brọ̀dá, ọmọ Ìgbẹ̀in ni mí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Orúkọ ìdílé wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mac. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní skuul pé ọmọ Scotland. Mo fẹ́ lo owó tí mo tù jọ láti fi wá àwọn bàbá wa lórí ScotlandsPeople, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" — M., Ìgbẹ̀in

Àbúrò, fi owó ẹ sápò. Ilé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bi àgbà tó dàgbà jù nínú ilé yín pé kí ni oríkì orílẹ̀ yín, tó bá kì ọ́ délẹ̀ láìdákẹ́, tó ń dárúkọ ìlú Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ ti wá kẹ́ ẹ tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, á jẹ́ pé Sàró ni yín, Freetown lẹ ti gba Mac yẹn, kì í ṣe Scotland. Àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú, Freetown ni wọ́n já wọn sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Ẹ̀gbá, wọ́n ṣe ìrìbọmi níbẹ̀, wọ́n sì gba orúkọ òyìnbó tó bá wà nílẹ̀, ti àlùfáà, ti ọ̀gá, ti ẹni tó fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Àjàyí Crowther gan-an, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fún un. Macaulay ńkọ́? Zachary Macaulay tí wọ́n bí ní Inveraray ní Scotland lọ́dún 1768 ló ṣe gómìnà Sierra Leone, orúkọ ọmọ ẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni bàbá Herbert Macaulay wa ń jẹ́ látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni. Láti nǹkan bíi 1839 làwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tó bá wọn dé sí Abẹ́òkúta, ti England ni wọ́n, ìjọ tó wá láti Scotland, Calabar ni wọ́n lọ ní 1846.

Kì í ṣe pé ti ẹ̀jẹ̀ ò sí rárá o. Robert Campbell tó bá Martin Delany, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wá sí Abẹ́òkúta ní 1859, tí wọ́n jọ bá Aláké àtàwọn olóyè tọwọ́ bọ̀wé lóṣù Kejìlá ọdún yẹn pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú láti òkè òkun lè wá máa gbé níbẹ̀, ọmọ Jamaica ni, bàbá ẹ̀ sì jẹ́ ará Scotland lóòótọ́. Àmọ́ òun mọ bàbá ẹ̀. Ìwọ lọ bẹ àwọn St. Peter ní Aké kí wọ́n jẹ́ kó o wo ìwé ìrìbọmi àtijọ́, wo ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ Mac nílé yín, wo orúkọ Yorùbá tí wọ́n kọ mọ́ ọn, tó bá wà. Tó o bá rí òyìnbó níbẹ̀, padà wá, màá fi ibi tí wà á ti náwó hàn ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òun máa bá mi wá ìdílé ìyá mi ní Scotland, mo sanwó, ó fi àwòrán kìnnìún àti asà ránṣẹ́, ó ní àmì ìdílé wa nìyẹn, kò fi orúkọ ẹnì kankan sí i. Ṣé òótọ́ ni?" — Ẹni tó kábàámọ̀, Panṣẹ́kẹ́

Pẹ̀lẹ́ o. Ní Scotland, àmì orí asà kì í ṣe ti ìdílé, ti ẹnì kan ṣoṣo ni, bí oyè ṣe jẹ́ ti ẹni tó jẹ ẹ́. Ọ́fíìsì kan wà ní Edinburgh, ti Lord Lyon, òun ló ń fúnni, ìwé tí wọ́n ń kọ wọ́n sí ti wà láti 1672, wọ́n sì lè bá ẹni tó bá lo ti ẹlòmíì ṣẹjọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò fi ìwé ìbí kan ṣoṣo hàn yín ò wá ẹnì kankan. Ẹ fi kìnnìún yẹn kọ́ ògiri, ó kéré tán ẹ ti sanwó ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ará Scotland lọkọ mi, Òkè-Ìlèwó là ń gbé. A ti rí ìwé ìbí bàbá bàbá bàbá ẹ̀, 1866, àyè ti bàbá ṣófo, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ọmọ pé ọmọ àìgbéyàwó ni. Ojú ń ti ọkọ mi, ó ní ká pa ìwé náà dé. Ṣé ibi tó parí sí nìyẹn?" — Ìyàwó Òyìnbó

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ ní kó gbójú sókè. Ó pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ohun tó fà á tí àyè yẹn fi ṣófo ni pé òfin ò gbà kí wọ́n kọ orúkọ bàbá ọmọ bẹ́ẹ̀ àfi tóun àti ìyá ọmọ bá jọ lọ fọwọ́ sí i. Bàbá lè wà lójúlé kejì kó máa gbọ́ igbe ọmọ, tí kò bá ti lọ, kò sí lójú ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn dáadáa, bóyá wọ́n kọ nǹkan wínníwínní síbẹ̀ tó ní kẹ́ ẹ lọ wo ìwé àtúnṣe. Tí ìyá ọmọ bá gbé ọkùnrin yẹn lọ sílé ẹjọ́, tó sì jàre, orúkọ bàbá wà nínú ìwé àtúnṣe yẹn. Ẹ tún wá ìgbéyàwó ìyá yẹn lẹ́yìn 1866, torí ní òfin Scotland, tí bàbá àti ìyá bá padà fẹ́ ara wọn, ọmọ tí wọ́n ti bí tẹ́lẹ̀ di ọmọ inú ìgbéyàwó, England ò gba irú ẹ̀ títí di 1926. Ìgbéyàwó yẹn gan-an lè máà ní àlùfáà nínú, tọkọtìyàwó kàn lè dúró níwájú ẹlẹ́rìí méjì kí wọ́n ní àwọn ti fẹ́ ara wọn, ó ti di ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí di 1940.

Tí gbogbo ìyẹn bá já sófo, ẹ lọ sínú ìwé ìpàdé àwọn àgbà ìjọ àdúgbò yẹn, wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ sórí ScotlandsPeople. Àwọn àgbà ìjọ Scotland máa ń pe ọmọbìnrin tó bá lóyún láìlọ́kọ, wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á bi í pé ta ló fún un lóyún, akọ̀wé á máa kọ ọ́, wọ́n á ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, òmíì á jẹ́wọ́, òmíì á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, àdúgbò á wá jẹ́rìí pé àwọn rí i tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde láàárọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin ṣáájú kí wọ́n tó bí ọmọ, títí dé ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn á kọ́kọ́ fojú yín rí màbo, tó bá dé ewé kẹta, ojú yín á ti mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá rí ọkùnrin yẹn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó rò níwájú àwọn àgbà.